Pákó Kẹtàdínlógún àti Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ń Wẹ̀

Ìyá mi kú lórí afárá onípákó tó yọ sínú òkun, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn aago mẹ́fà díẹ̀. Ìwé ló sọ fún mi, nítorí kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ìwé náà wà nínú ọ̀rá tó máa ń so kọ́ òpó àkọ́kọ́ kí omi má baà ta sí i. Ó ti kọ ọjọ́. Ó ti kọ wákàtí. Ooru omi: 27.5. Iyọ̀: bíi ti àná. Àwo funfun: kókó mẹ́rin. Afẹ́fẹ́: díẹ̀, láti ojú òkun. Lábẹ́ ibi tí a kọ "Ìgbì" sí, ààyè ṣófo.

Òpó tí a fi ń wo gíga ìgbì wà ní ìparí afárá. Kí èèyàn tó débẹ̀, ó di dandan kó kọjá pákó kẹtàdínlógún. Pákó kẹtàdínlógún ti ń jẹrà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń ká etí aṣọ sókè tó ń fò ó, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ní àlọ àti ní àbọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò fò ó dé. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Bàbá ọlọ́sìn ẹja kan tó ń lọ fún ẹja rẹ̀ lóúnjẹ ló rí i nínú omi, lẹ́bàá òpó tó gbá a lórí.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ tó ń kó ìròyìn ojú ọjọ́ àti ti òkun jọ fún àwọn ọlọ́sìn ẹja dìde nínú kóòtù dúdú. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n dáadáa. Ó ní, "Màmá wa ti lọ." Ó tún ní, "Màmá gbogbo wa pátá ni." Àwọn èèyàn ń mi orí. Èmi ń wo bàtà rẹ̀. Ẹni tó bá rìn dé ìdajì afárá wa lẹ́ẹ̀kan péré, iyọ̀ á fi àmì funfun sí etí bàtà rẹ̀, kì í sì í tètè lọ. Bàtà ọ̀gá ń dán bíi dígí. Màmá ta ni, ọ̀gá? Èwo nínú ìbà yín ló bá yín ṣọ́? Èmi nìkan ni obìnrin yẹn bí, èmi gan-an kò sì rí i tó.

Mo jowú lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìbànújẹ́ nìkan ló ń kọ ìwé yìí. Owú ló ń kọ ọ́. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń jowú.

Ọdún kan ni mo fi ju iṣẹ́ ìyá mi lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé ògiri rìn nígbà tí ilé iṣẹ́ náà gbà á pé kó máa ka omi, àti gẹ́gẹ́ bíi gbogbo àbúrò, iṣẹ́ náà gba ẹ̀yìn ìyá mi lọ́wọ́ mi. Kí n tó lajú láàárọ̀, omi ti kọ́kọ́ rí i. Ọwọ́ tó fi ń kan iwájú orí mi máa ń tutù, ó sì máa ń rí ṣákiṣàki fún iyọ̀. Bí ara mi bá gbóná, á gbé ọwọ́ náà lé mi, á ronú díẹ̀, á ní, "Méjìdínlógójì ààbọ̀." Tí a bá dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á yọ tẹmómítà lábíyá mi, á wò ó, á tún wo ìyá mi.

"Màmá, ẹ ti wọ̀n ọ́n nílé ni?"

"Rárá o. Òkun tó fẹ̀ tó yẹn ni mo ń kà, mélòó ni ti ọmọdé?"

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò lókìkí, ṣùgbọ́n kò ṣòroó yé. Ibi tí òkun ti wọ inú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni àwọn ọlọ́sìn ẹja so àgò wọn sí, àgò ńláńlá tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe. Ẹja tó wà ní gbangba òkun, bí omi bá gbóná jù, á wá ibi tó tutù lọ. Ẹja inú àgò kò rí ibi kankan sá sí. Bí omi bá gbóná tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, atẹ́gùn tí ẹja ń mí nínú omi á dín kù, wọ́n á máa yanu sókè, ní ọjọ́ kejì gbogbo wọn á ti léfòó. Ẹni tó bá mọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú lè dá oúnjẹ dúró, ó lè sọ àgò rẹ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tó tutù, ó lè kó ẹja rẹ̀ kí ọ̀ràn tó bẹ́. Ẹni tí kò mọ̀, ṣọ́bìrì ni á fi kó wọn. Kí èèyàn lè mọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹnì kan ní láti máa ka omi lójoojúmọ́, títí kan àwọn ọjọ́ tí omi kò sọ nǹkan kan.

Ìyá mi ni ẹnì kan yẹn, fún ọdún méjìlélógún, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ìwé mẹ́tàlélógójì ló kọ kún, ó sì wà lórí ìkẹrìnlélógójì. Ọjọ́ ìjì, ó kọ "ìjì". Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, èmi ni mo lọ kà á, á sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì máa bi mí bí ẹni ń ṣe ìdánwò fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń bá a sọ àwo funfun sínú omi, àwo pẹrẹsẹ kan tí a so mọ́ okùn oníkókó, tí a fi ń mọ bí omi ṣe mọ́ tó. Òun á máa tú okùn, èmi á dojú bolẹ̀ lórí pákó, máa wo ìsàlẹ̀.

"Ṣé o ṣì ń rí i?"

"Mo ń rí i, Màmá."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti ń dà bí ewé."

"Báyìí?"

"Ó ti lọ."

"Kò lọ o, ojú rẹ ni kò tó o mọ́. Kókó mélòó?"

Tí ó bá rí ohun tí kò dára, á gbé fóònù, á sì pariwo sí i bí ẹni tó wà ní òdìkejì òkun: "Omi ti yí o! Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lónìí!" Àwọn ọlọ́sìn ẹja wá sọ ọ́ ní Omi-ti-yí. Ìyàwó ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé tí orúkọ yẹn bá ti yọ lójú fóònù, ọkọ òun kì í dúró wọ bàtà.

Ẹ wò ó, mo jowú àwọn náà. Ohùn tó fi ń pè wọ́n kì í ṣe ohùn tó fi ń pè mí jẹun.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fẹ́ fún mi ní ẹ̀bùn ìṣirò ní ilé ìwé. Mo fẹ́ kí ìyá mi jókòó ní ìlà iwájú, kó sì tètè dé. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi tẹmómítà rẹ̀ pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi. Ó wá a títí. Ó tú àpò, ó tú àpótí, ó wá a lábẹ́ ààrò. Ní ìgbẹ̀yìn, ó lọ ka ìyókù, ó kọ afẹ́fẹ́ àti ìgbì, ó sì sáré dé ilé ìwé nígbà tí wọ́n ti ń kó àga. Ní ọjọ́ kejì tó ń fọ aṣọ, ó fọwọ́ kan ìbọ̀sẹ̀. Kò nà mí. Ó gbé ìwé rẹ̀ wá, ó ṣí i sí ojú ewé ọjọ́ tó kọjá, ó sì kọ ọ́ sí abẹ́ "Àkíyèsí" lójú mi: Tẹmómítà kò sí lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni.

Mo ní, "Màmá, èmi ni mo mú un."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n gbé e fún."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú gbólóhùn yẹn dání. A máa padà sórí rẹ̀.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ̀rọ rìbìtì tó ń léfòó ni, aláwọ̀ ìyeyè, ó ní iná lórí, ó ní eriali, ó sì ní ojú kan lábẹ́ tó fi ń mọ ooru omi, tó ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń súre fún ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Àkọ́bí, nítorí bí ọ̀gá ṣe ń kẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, ọkọ̀ ojú omi á gbéra, ọkùnrin méjì á wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọ́n á lọ fi búrọ́ọ̀ṣì wẹ Àkọ́bí kí ìkarahun má baà lẹ̀ mọ́ ọn lára. Wọ́n ń kùn ún. Wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ tó ń wò ó láti etí omi, kí apẹja kankan má fi ọkọ̀ kọ lù ú.

Mo máa ń jókòó sórí afárá máa wò wọ́n. Pákó wa ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìyá mi ti bèèrè irú ẹ̀wù yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní kó fara balẹ̀, ó wà lọ́nà.

Mo ní, "Màmá, wọ́n tún ti ń wẹ̀ ẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, irin lò ń bá jowú?"

"Irin tí wọ́n ń wẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ta ló ń wẹ ẹ̀yin?"

"Èmi ni mo ń wẹ ara mi. Sún, mi ò rí òpó."

Lẹ́tà kan wá: a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ ẹ kú ìsinmi. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ọ̀gá pè é lórí fóònù. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ ọ ketekete: "Màmá, ẹ ṣì máa bá wa kà á ná o. Ẹ̀rọ ṣì ń mọ ibẹ̀." Ọdún mẹ́rin gbáko ni ẹ̀rọ fi ń mọ ibẹ̀. Lẹ́tà wà nínú fáìlì wọn. Ìpè fóònù kò sí nínú fáìlì kankan. Àwọn ọlọ́sìn ẹja ló ń bá ìyá mi gbọ́ bùkátà láti ìgbà náà. Èyí kì í ṣe ẹjọ́ tí mo wá rò. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ó ń ka omi, ó ń ya fọ́tò ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ Ẹtì, ó ń fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́, àmì méjì aláwọ̀ búlúù sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń rí i. Wọ́n kàn kì í fèsì.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀sẹ̀ omi gbígbóná dé, ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ìyá mi ka 29.0. Lọ́jọ́ kejì, 29.5. Afẹ́fẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó pariwo sí fóònù. Bàbá ọlọ́sìn kan tó ní àgò mẹ́fà pè é padà.

"Omi-ti-yí, mo bi ilé iṣẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ ní kò séwu. Wọ́n ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n àti díẹ̀ ni."

"Ẹ̀rọ kò lẹ́ja nínú omi. Ẹ̀yin lẹ ní in. Ẹ na ọwọ́ yín sínú omi, Bàbá, kí ẹ sọ fún mi bóyá ó tutù."

Mo gbọ́ tí omi dún.

"Ha. Mo ń sọ àgò kalẹ̀."

Gbogbo wọn ló sọ àgò kalẹ̀. Omi dé 30.5, ó dé 31.0, ẹja wọn kò kú. Ní ọjọ́ mẹ́fà gbáko yẹn, Àkọ́bí ń sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo láìyẹ̀: 26.84, 26.84, 26.84. Ìkarahun ti bo ojú rẹ̀. Àwọn tó ń wẹ̀ ẹ́ ti wẹ òkè rẹ̀ níbi tí fọ́tò ń rí, wọn kò dé ìsàlẹ̀.

Oṣù kan ṣáájú ikú ìyá mi, ilé iṣẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ńlá kan jáde. Bébà rẹ̀ ń dán. Àkọ́bí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ń wọ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó sì rẹwà bí ìyàwó tuntun. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ló gba ẹja gbogbo àdúgbò là ní ọ̀sẹ̀ omi gbígbóná. Ní ojú ewé kẹrìnlá, wọ́n to nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kà: 29.00, 29.50, 30.50, 31.00.

Èmi ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà tí mo bá rí i. Tẹmómítà tí a fi ojú kà kò lè sọ ju ààbọ̀ lọ. Ó jẹ́ odidi tàbí ó jẹ́ ààbọ̀. Ẹ̀rọ kì í ka ààbọ̀. Ẹ̀rọ a máa sọ 26.84, a máa sọ 27.13. Ẹ̀rọ wo ló wà láyé tó máa ka omi lọ́jọ́ mẹ́rin tí gbogbo rẹ̀ á bọ́ sórí odidi àti ààbọ̀ bí ẹni fi rúlà wọ̀n ọ́n? Nọ́ńbà ìyá mi ni. Wọ́n fi òdo kan kún un lẹ́yìn kó lè jọ ti irin.

Mo gbé e lọ bá a. Ó fi ìka tẹ̀lé ìlà náà wálẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín múṣẹ́. "Wọ́n dà á kọ dáadáa. Kò sí àṣìṣe."

"Màmá, orúkọ yín kò sí níbẹ̀."

"Ẹja wà níbẹ̀."

Òun kò jowú. Èmi ni mo bá a jowú, owú ti èmi àti tirẹ̀ papọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín tán, mo lọ sí ilé iṣẹ́ náà. Ohun kan péré ni mo bá lọ: kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu iṣẹ́ ni ìyá mi kú sí. Lára ògiri àtẹ̀gùn, wọ́n fi fọ́tò Àkọ́bí sínú férémù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó kàn láti wẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí. Akọ̀wé kan gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi ní àga, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

"Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò sí orúkọ Màmá níbí. Wọ́n ti kúrò níṣẹ́ láti ọdún mẹ́rin."

"Ta ló wá ń ka omi, sà?"

"Àkọ́bí ni." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

"Kí ni ìyá mi wá lọ ṣe lórí afárá ní aago mẹ́fà àárọ̀?"

Ó ronú. Mo gbà pé kò fẹ́ ṣe ibi. Ó ní, "Bóyá wọ́n lọ gba atẹ́gùn sára ni."

Gba atẹ́gùn sára. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà," mo sì sọ̀ kalẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ṣùgbọ́n mo ti délé, mo ti ṣí ìwé ìyá mi sílẹ̀ lórí tábìlì, ohun tí n kò sọ lókè yẹn, mo ń sọ ọ́ níbí.

Ojú ewé ọ̀sẹ̀ omi gbígbóná wà níwájú mi. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti da nọ́ńbà kọ. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i. Lójú ewé kan náà, lórí ìlà kan náà pẹ̀lú 31.0 tí wọ́n fi òdo kún, ìyá mi kọ ọ́ sí abẹ́ Àkíyèsí pé: Pákó kẹtàdínlógún ti ń mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ rán káfíńtà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó tún kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹwàá lẹ́yìn náà. Ìgbà mọ́kànlá, mo kà á, mo tún un kà. Ìkẹyìn, ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀ mọ́, ó kàn kọ: Pákó 17, ó ti fẹ́ já. Àmì búlúù méjì wà lábẹ́ fọ́tò rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dá mi lóhùn. Ẹni tó da ooru omi kọ, ojú wo ló fi fo àkíyèsí tó wà lórí ìlà kan náà? Ṣé ojú yín dúró nígbà tó dé ibi tó wúlò fún yín ni? Ẹ rí owó ọ̀dà fún irin, ẹ kò rí ìṣó mẹ́rin fún pákó kan? Bí ìyá mi kò bá sí níṣẹ́, ta ló ni nọ́ńbà tó wà ní ojú ewé kẹrìnlá yín? Bó bá sì jẹ́ tirẹ̀, ṣé atẹ́gùn náà ló ń gbà sára lọ́jọ́ tó gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú?

Mo fẹ́ kí ẹni tó pe ìyá mi lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn jáde wá sọ pé òun pè é. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ṣí fọ́tò ọjọ́ Ẹtì sọ ohun tó fi àkíyèsí mọ́kànlá ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n tún ojú ewé kẹrìnlá tẹ̀, kí òdo kúrò níbẹ̀, kí orúkọ obìnrin wọ ibẹ̀. Àti kí wọ́n tún afárá ṣe, nítorí àwọn ọlọ́sìn ẹja ti bẹ̀ mí pé kí n máa ka omi, mo sì ń kà á. Èmi náà ti ń fò ó báyìí.

Láàárín ọdún méjìlélógún, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ààyè ṣófo nínú ìwé ìyá mi. Owú mi ló fa ti àkọ́kọ́, ó sì gbé e sọ́rùn ara rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n gbé tẹmómítà fún. Ta ni wọ́n gbé afárá fún?

Ọ̀gá, aago mẹ́fà àárọ̀ ni a ń ka omi. Ẹ wá fúnra yín, ẹ má rán akọ̀wé. Ìwé kẹrìnlélógójì á wà nínú ọ̀rá lára òpó àkọ́kọ́, bírò á wà nínú rẹ̀. Ẹ rìn lọ sí ìparí afárá, kí ẹ wo ìgbì fún wa. Tí ẹ bá dé ibi pákó kẹtàdínlógún tí ẹsẹ̀ yín kò gbà yín láyè, n kò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ padà wá síbi ìwé náà. Ẹ fi ààyè ìgbì sílẹ̀ bó ṣe wà. Abẹ́ Àkíyèsí ni kí ẹ kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, bí ìyá mi ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ tẹmómítà tí kò jẹ̀bi, ẹ kàn máa fi "wa" rọ́pò "mi" ni.